Ọ̀nà Ńkọ́? Ogun, Olè àti Àgbàrá nínú Ìtàn Ọjà Wa

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti fi ọwọ́ kan ojúewé yìí gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ìwé ìdánwò tí n kò tíì máàkì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù mí lọ lórí tábìlì. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó dá mi padà. Ọmọbìnrin náà kò dàgbà sí Ìlọrin, Ìjẹ̀bú ni ó ti wá. Ó ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣòwò jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó sì ti lo òwúrọ̀ bíi mélòó kan ní Ọjà Tuntun. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí àwọn ìyá ọjà wọ̀nyí fi ń béèrè ọ̀nà kí wọ́n tó béèrè iye ọjà?" Ó ti ṣàkíyèsí pé bí ọkọ̀ bá ti Òkè Ọya dé, ohun tí àwọn aláta àti alálùbọ́sà kọ́kọ́ máa ń bi awakọ̀ ni pé, "Ọ̀nà ńkọ́?" Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ń bi í pé èló ni.

Èsì tí mo fún un ní kíláàsì kúrú. Mo ní ìkíni lásán kọ́ ni, ìṣirò owó ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó jókòó. Nígbà tí mo délé ni ó hàn sí mi pé èsì náà kò tó. Ìbéèrè àwọn ìyá wa yìí ti wà ṣáájú Ọjà Tuntun, ó ti wà ṣáájú náírà, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ ti ba ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wa jẹ́ ju bí a ti ń kọ́ ọ nínú ìwé lọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Àbúrò ìyá mi ń ta àlùbọ́sà àti tàtàṣé ní Ọjà Tuntun. Ìyá Alálùbọ́sà ni gbogbo wa ń pè é, àní àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé. Owó àlùbọ́sà wà nínú ìwé tí mo kà. Bí mo bá lọ kí i, àpótí kan náà tí mo ń jókòó lé nígbà tí mo wà ní kékeré ni ó ṣì máa ń tì sí mi, á sì máa dá oníbàárà rẹ̀ lóhùn lọ. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó gbọ́ orúkọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè rárá, pé ọ̀rọ̀ a máa rìnrìn àjò. Àlùbọ́sà tí ó ń tà, láti inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ rẹ̀ ti gba ẹnu Haúsá kọjá kí ó tó bá wa. Tàtàṣé, ọ̀rọ̀ Haúsá ni. Wàhálà tí ó máa ń sọ pé ó wà lójú ọ̀nà, ọ̀nà kan náà ni ó gbà wá. Àlàáfíà tí ó sì ń tọrọ lẹ́yìn rẹ̀, Lárúbáwá ni òun náà.

Ọ̀nà yìí ni ó sọ Ìlọrin di ohun tí ó jẹ́. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó kẹ̀yìn sí Aláàfin, tí ó fa Ṣéù Àlímì mọ́ra, tí ó sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ ní nǹkan bí ọdún 1824. N kò ní tún un sọ. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ti ọjà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, Ìlọrin ni ó bọ́ sí ipò tí Ọ̀yọ́ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò tí ń kó ẹṣin, káún, awọ àti ẹrú bọ̀ láti ilẹ̀ Haúsá, àdúgbò Gàḿbàrí ní Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ̀ sí. Àwọn tí ń kó aṣọ òyìnbó àti ẹrù etí òkun bọ̀ láti gúúsù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń bá wọn pàdé. Ará Ìlọrin kò sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn láìsí alárinà. Ẹni tí ó gbà wọ́n sílé ń jẹ nínú èrè, oníbodè ń gba owó ibodè, àwọn obìnrin tí ń se oúnjẹ fún wọn ń jẹ tiwọn. Nígbà tí Bowen, oníwàásù ọmọ Amẹ́ríkà, dé ìlú náà ní ọdún 1855, ó fojú díwọ̀n rẹ̀ pé 70,000 ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀, iye kan náà tí ó fún Ìbàdàn.

Kí n má baà parọ́, ogun ni ó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ náà. Àwọn tí wọ́n sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé ni ó gbé iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà wá, ìlẹ̀kẹ̀ pupa olókùúta tí àwọn ọba ń lò. Ẹrú tí a mú lójú ogun ni ó ń ro oko tí ìlú ń jẹ. A máa ń fẹ́ sọ pé ogun ń ba òwò jẹ́, bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ni ó ń pàdánù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan a máa jèrè. Ìdí nìyẹn tí ogun kò fi tètè ń parí.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ fi hàn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí ìwà ọ̀daràn kékeré inú ọjà ṣe ń tú ilẹ̀ odindi, Àpòmù ni n ó mú un lọ. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni Àpòmù wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ná ọjà. Ohun tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ni pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé níbẹ̀, wọ́n ń tà wọ́n sí oko ẹrú. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó bá wọn fi òpin sí i. Olówu gba iṣẹ́ náà, ó kọlu àwọn ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ sọ Ifẹ̀ di ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni ìjà mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ọjà Àpòmù yẹn kan náà. Kí ni wọ́n jà sí? Ataare. Ẹni tí ń tà á àti ẹni tí ń rà á kò gbọ́ra wọn yé lórí iye rẹ̀, àwọn ará ìlú kálukú gbè sẹ́yìn ọmọ tiwọn, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, wọ́n pa ọjà náà run. Àwọn Ìjẹ̀bú tí ẹrù wọn ṣòfò níbẹ̀ gbé ìbọn, wọ́n para pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ tí kò nílé mọ́ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n dó ti Òwu fún ọdún bíi márùn-ún. Nǹkan bí ọdún 1821 ni a gbà pé ìjà náà bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Òwu fọ́, àwọn jagunjagun náà kò tú ká lọ sílé. Wọ́n wọ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n wá dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829 ni ó di Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n lé sì lọ tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830. Nínú ọdún 1821 kan náà, ní Òṣóògùn, ni wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, tí wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Àjàyí yìí ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther tí ó gbé èdè wa sórí ìwé. Mo máa ń ronú nípa èyí nígbà tí mo bá ń kọ́ni ní gírámà: ìwà ìjínigbé tí ó tú ọjà ká ni ó gbé ẹni tí ó kọ gírámà wa lọ, ó sì kù díẹ̀ kí ó gbé e lọ pátápátá.

Láti ìgbà náà títí dé ọdún 1893, ọ̀nà ni gbogbo ìjà dá lé lórí. Nígbà tí Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí Ìbàdàn kọjú sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí Ìlọrin náà gbè sí ẹ̀yìn Èkìtì, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn túmọ̀ sí pé iyọ̀ kò dé, epo kò jáde, àwọn oníṣòwò Èkó tí wọ́n ti fi ọjà àwìn sí ọwọ́ àwọn ará òkè kò rí owó wọn gbà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni kò yìnbọn rí, tí ebi ogun sì pa wọ́n. Ní ìhà tiwa, Ọ̀fà ni Ìlọrin dó tì, títí wọ́n fi wọ ìlú náà tí wọ́n sì run ún. Ọ̀fà tí ó jẹ́ ìlú aládùúgbò, tí àwọn obìnrin rẹ̀ ń ná ọjà wa! A kì í fẹ́ sọ eléyìí ní ibi ayẹyẹ.

Èdè gbé àmì ọgbẹ́ náà. Ẹ wo bí a ṣe ń gbàdúrà: "Ọ̀nà á là o." "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà wa dí." Lónìí, kádàrá àti ire ayé ni ènìyàn fi ń rò nígbà tí ó bá ṣe àmín. Èrò tèmi ni, n kò sì ní ẹ̀rí tí mo lè tẹ̀ jáde, pé fún ẹni tí ó gbé ayé láàárín ọdún 1821 sí 1893, ọ̀nà tí a fi ẹsẹ̀ rìn gan-an ni àdúrà náà ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọjà tú." A ń lò ó fún ìrọ̀lẹ́ lásán, nígbà tí oníkálukú ń palẹ̀ mọ́. Àwọn ará Àpòmù mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kejì.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí, wọ́n sì rí àǹfààní nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Èkó kò yéé kọ ìwé ẹ̀sùn sí gómìnà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ogun ja Ìjẹ̀bú ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ ṣí ọ̀nà. Gómìnà Carter gba ọ̀nà náà gòkè ní ọdún 1893, ó tú àwọn ibùdó ogun ká, ó sì dé Ìlọrin. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company lábẹ́ Goldie, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣẹ́gun Bídá, yìnbọn wọ Ìlọrin. Ilẹ̀ tí kò lè dáàbò bo oníṣòwò ara rẹ̀, ẹlòmíràn wá dáàbò bò wọ́n, ó sì gba ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ìtàn kan yóò ní mo mú ọ̀rọ̀ rọrùn jù. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn ìwé tí àwọn gómìnà náà kọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ òwò kò kúrò lẹ́nu wọn.

Rélùwéè dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Afárá Jẹ́bà tí ó gbé e kọjá Odò Ọya parí ní ọdún 1916. Láti ìgbà náà, oníṣòwò lè gbé ẹrù rẹ̀ láti Kánò kọjá Ìlọrin lọ sí Èkó láìsọ̀ kalẹ̀ rárá. Àwọn alárinà wa pàdánù iṣẹ́ wọn, kì í ṣe nítorí ogun, nítorí àlàáfíà ni. Ìtàn ọrọ̀ ajé a máa fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Nígbà tí rélùwéè náà sì wá rẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé òmìnira, orí títì ni gbogbo ẹrù padà sí. Ohun tí ó ń ti Òkè Ọya bọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ni ó gba Mokwa àti Jẹ́bà. Ibẹ̀ ni omi náà ti ṣeé dá kọjá. Ẹni tí ó bá di Jẹ́bà mú ti di ọbẹ̀ gbogbo ìwọ̀-oòrùn gúúsù mú.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, aláàárù kan tí ó jẹ́ Haúsá ń ti ẹrù tòmátì kọjá. Tòmátì náà dà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn nítorí pé wọ́n ní kí ó gbá a. Ẹnì kan tí ń tún bàtà ṣe dá sí i, wọ́n lù ú, ó sì kú. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn Yorùbá àti Haúsá tí wọ́n ti jọ ń ná ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún ń dáná sun ilé àti ìsọ̀ ara wọn. Àwọn ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ sá kúrò nílé, ìjọba Ọ̀yọ́ sì ti ọjà náà pa fún ìgbà díẹ̀.

Mo wo déètì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ataare ní Àpòmù, ní nǹkan bí ọdún 1821. Tòmátì ní Ṣáṣá, ní ọdún 2021. N kò gbà pé ìtàn máa ń tún ara rẹ̀ ṣe bí àwo orin. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa mú ọ̀lẹ bá òǹkọ̀wé. Ìyàtọ̀ wà, ó sì tóbi. Ní Àpòmù, ọba kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá ọmọ tirẹ̀ láre, kò sí ẹni tí ó ga ju gbogbo wọn lọ tí ó lè pàṣẹ kí wọ́n dá ọwọ́ dúró, nítorí pé ọwọ́ Aláàfin ti rọ. Ní Ṣáṣá, àwọn gómìnà láti Òkè Ọya bá gómìnà Ìbàdàn jókòó láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìyẹn nìkan ni ó mú kí ọ̀kan di ọdún márùn-ún ogun, tí ìkejì sì di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìpọ́njú.

Ṣùgbọ́n ìpọ́njú náà kò kéré. Ní ìparí oṣù kejì náà, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya kéde pé àwọn kò ní gbé ẹrù lọ sí gúúsù mọ́, àyàfi bí a bá dáàbò bo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àwọn, tí a sì san bílíọ̀nù 475 náírà owó ìtanràn fún ohun tí wọ́n pàdánù. Jẹ́bà ni wọ́n ti dá àwọn ọkọ̀ dúró. Títí di ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, tí wọ́n tó gbà láti ṣí i, ọkọ̀ tòmátì, àlùbọ́sà àti màlúù tò sójú ọ̀nà nínú oòrùn. Ní ìhà gúúsù ọjà wọ́n bí ojú. Ní ìhà àríwá, tòmátì rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rà á.

Ìyá Alálùbọ́sà ní àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Alhaji tí ó ń fi ọjà ránṣẹ́ sí i láti Mokwa ń pè é ní alaalẹ́. Haúsá díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ: ọkọ̀ ṣì dúró, ẹ ṣe sùúrù. Nígbà tí ẹrù náà dé, àpò mẹ́fà ni ó ṣeé tà. Mo bi í léèrè pé ta ni yóò ru àdánù mẹ́sàn-án yòókù. Ó wò mí bí ẹni tí ó béèrè ohun tí kò yẹ kí ọmọwé béèrè. Ó ní, "Àwa méjèèjì ni." Kò sí ìwé àdéhùn. Alhaji fa iye kan kúrò nínú gbèsè rẹ̀, òun náà san èyí tí ó kù díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Rámàdánì ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo àkókò tí ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ pé Yorùbá àti Haúsá ń bínú sí ara wọn, ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe nìyí. Kò sí ilé ìwé kan tí ó ń ka irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ òun ni ó gbé ọjà náà dúró.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ní ń dí ọ̀nà. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì ní Kàdúná àti àwọn ìpínlẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ìjọba Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì ní oṣù karùn-ún. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí kò ju 1,200 náírà lọ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ti kọjá 40,000 náírà. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí Dangote kọ́ sí Kánò láti máa fi tòmátì ṣe èyí tí a ń rọ sínú agolo ti ilẹ̀kùn nítorí pé kò rí tòmátì lò. Ní ọdún 2022, omíyalé gba ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 600, ó sì lé èyí tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ní Ìlọrin pàápàá, àwọn tí ń gbé etí Odò Ásà ní Àmílẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ ohun tí òjò ńlá lè ṣe ní òru kan ṣoṣo.

Ti Mokwa ni ó burú jù. Òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2025, òjò rọ̀, àgbàrá sì wọ ìlú nígbà tí àwọn ènìyàn ń sùn. Ó ju igba ènìyàn lọ tí ó kú, ọ̀pọ̀ mìíràn ni a kò rí òkú wọn. Ilé lọ, ojú ọ̀nà ya, afárá wó. Ìlú yìí ni àwọn oníṣòwò gúúsù ti ń pàdé àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya. Ohun tí Gàḿbàrí jẹ́ fún Ìlọrin ní ọdún 1855, òun ni Mokwa jẹ́ fún ọjà wa lónìí. Ohun tí àgbàrá náà gbé lọ kò mọ sórí ilé. Ó gbé àká lọ, ó gbé ìwé gbèsè lọ, ó gbé àwọn tí ó mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ẹni tí a jẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe kí ẹnikẹ́ni tó bá mi wí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀wọ́n ni ogun tàbí omi ń fà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 kí oṣù náà tó parí ní ibi púpọ̀, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò ní olè nínú, kò ní àgbàrá nínú. Ṣùgbọ́n owó epo ṣeé kà. Ẹni tí ó mọ iye rẹ̀ lè gbé e lé ọjà. Ẹ̀rù kò ṣeé kà. Awakọ̀ tí kò mọ̀ bóyá òun yóò bá ajínigbé pàdé yóò fi nǹkan lé owó rẹ̀, oníṣòwò yóò fi nǹkan lé tirẹ̀, kálukú yóò sì fi í lé e ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni tí ó ṣì í kà. Àgbẹ̀ tí ẹ̀rù bà kò tilẹ̀ ní gbin nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ajínigbé yìí ti wá di tiwa ní Kwara. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, "gbọ́mọgbọ́mọ" ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá kí a má baà rìn jìnnà. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. "Ajínigbé" ni àgbàlagbà ń sọ báyìí, wọ́n sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Olúkòró ti Kòró, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, wọ́n pa á, wọ́n sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ ilé ìjọsìn ní Erùkù nígbà tí ìsìn ń lọ, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó 38 lọ, kí a tó rí wọn gbà padà ní ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn olè já wọ àwọn báńkì ní Ọ̀fà, wọ́n pa ènìyàn 33, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà nínú wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dájọ́ ikú fún márùn-ún nínú àwọn tí a fẹ̀sùn kàn. Ọdún mẹ́fà ààbọ̀. Mo ń bi ara mi léèrè pé mélòó nínú àwọn obìnrin oníṣòwò Ọ̀fà ni ó ti padà gbé owó wọn pa mọ́ sínú ilé láàárín àkókò náà, tí owó ilé náà sì wá di ohun tí ń pe olè mìíràn.

Mo lọ kí Ìyá Alálùbọ́sà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo sì mú akẹ́kọ̀ọ́ mi dání. Mo ní kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn wá. Ìwé àjákọ olójú-ewé ọgọ́ta ni, epo àti omi ata ti mú un le bí pátákó. Orúkọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ wà ní iwájú, orúkọ ẹni tí ó jẹ wà ní ẹ̀yìn. Ní ẹ̀yìn náà, orúkọ Alhaji Mokwa wà níbẹ̀, a sì ti fi igi gbá a nínú. Mo mọ̀ pé ọkùnrin náà wà lára àwọn tí wọ́n kò rí lẹ́yìn omi. Mo bi í léèrè ẹni tí ó san owó náà fún.

Ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ọmọ ọkùnrin náà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, bàtà kan náà ni ó wọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì tí ó lò. Ìwé bàbá rẹ̀ ti bá omi lọ. Ohun tí ó wá ṣe ni láti ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Ọjà Tuntun, kí ó máa béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin bóyá wọ́n jẹ bàbá òun ní gbèsè, kí wọ́n sì sọ iye rẹ̀ fún òun fúnra wọn. Kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè bóyá àwọn obìnrin náà san án.

"Àwọn kan san án," ni Ìyá wí. "Àwọn kan ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Èmi ka tèmi fún un níbí." Ó fi ọwọ́ gbá àpótí tí mo jókòó lé. "Ó tún fẹ́ dá díẹ̀ padà fún mi nítorí àpò mẹ́sàn-án ọjọ́ kìíní àná. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un. Mo ní kí ó máa mú un lọ, a ti parí ìyẹn." Lẹ́yìn náà ni ó yí padà sí oníbàárà tí ó ti dúró pẹ́, ó ní kí ó má bínú.